Kọ Ọ́ Tán Kí O Tó Gbé Nọ́ńbà Kọ́

Ìdáṣà, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Inú ṣì ń bí mi.

Àṣẹ ọ̀gá wa nílé ìwòsàn ni pé tí a bá ti kọ orúkọ aláìsàn sórí fíìṣì, ìwé tí a ń kọ ọ̀rọ̀ àìlera rẹ̀ sí, kí a gbé nọ́ńbà rẹ̀ kọ́ sára pátákó kí iṣẹ́ lè yá. A ó kọ ìyókù tó bá yá. Tí nọ́ọ̀sì bá sì ti rí nọ́ńbà, ó gbà pé fíìṣì ti pé.

Lónìí, mo kọ orúkọ ìyá àgbẹ̀ kan láti Tré. Ràímì, tí a jọ ń kọ̀wé, gbé nọ́ńbà rẹ̀ kọ́. Bí mo ti ń bi ọmọ rẹ̀ obìnrin léèrè oògùn tí ara ìyá náà kò gbà, nọ́ọ̀sì mú fíìṣì, ó pe ìyá wọlé.

Ọmọ ní, “Pẹnisilíìnì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n léṣìí.”

Mo sáré wọlé, mo di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, “Fíìṣì kò sọ nǹkan kan!” Òótọ́ ló sọ.

Mo lọ bá ọ̀gá. “Kámáráàdì, n kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé nọ́ńbà kọ́ mọ́ àfi tí mo bá kọ̀wé tán.”

“Ìyára ni ìjọba Rẹfolúsíọ̀n ń fẹ́. Ṣé àṣẹ lo ń kọ̀? N ó gbé ọ lọ ṣiṣẹ́ ní abúlé Kpingni!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ̀ ọ́.”

Ràímì, tí ẹ̀rù ọ̀gá máa ń bà jù, tú gbogbo nọ́ńbà kúrò lára pátákó, ó kó wọn síwájú mi lójú ọ̀gá.

“Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá kọ fíìṣì kan tán, ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ kí n gbé e kọ́.”

Kí ọ̀gá gbé mi lọ. Bí mo ṣe ń kọ fíìṣì tán níbí ni n ó ṣe máa kọ ọ́ tán ní Kpingni.