Ẹni Tí Ẹ Ò Kí Mọ́

Bàámi tèmi,

Ara mi ò balẹ̀ láti àná. Mo gbálẹ̀ títí, mo fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, mo jókòó, mo tún dìde. Ọ̀rọ̀ Bàbá Bísí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fa fìlà bojú bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ wọn.

Mo ṣì kéré nígbà tí iná oko wọn ní Odò-Orò ré ààlà kọjá, tó jó ìdajì kòkó yín. Bàbá Bísí ní atẹ́gùn ló gbé e. Láti ìgbà náà, ẹ ò kí wọn mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ẹ kó wa kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí a jọ ń jókòó sí. Èmi náà kọ́ bí a ṣe ń gbójú kúrò lára wọn.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, fẹ́ gé kòkó tó kù kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò nílùú Ọ̀yẹ́, mo wá dúró ti oko. Kí ni mo mọ̀ nípa kòkó? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ń ká a, ọwọ́ ni mo fi ń fà á ya lára igi, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀bá ààlà:

"Ìwọ ọmọ yìí, fi ọ̀bẹ gé e! Bí o bá ń fà á ya báyìí, kò ní í so níbẹ̀ mọ́."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bàbá Bísí wá bá mi, wọ́n gba ọ̀bẹ, wọ́n gé ẹyọ kan, wọ́n dá ọ̀bẹ padà fún mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ kí wọn.

Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gé àfòmọ́ kúrò lórí igi, bí a ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó kí a tó sá a. Bí òòrùn bá mú, a ó sun iṣu ní abà wọn, a ó máa wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù mi. Wọn ò gbà rárá pé eré náà ti parí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n á ṣì máa pariwo mọ́ aṣọ́lé. Mo rẹ́rìn-ín, Bàámi. Láti ìgbà tí ẹ ti kú, mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ó dùn yín?

Ẹnìkan lọ sọ fún Bàbá Kékeré. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní: "Bí bàbá rẹ bá wà láyé, ṣé o lè jẹun lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn?"

 Mi ò lọ sí abà mọ́. Bí mo bá gbọ́ ikọ́ Bàbá Bísí, ń ṣe ni mo máa ń sá sẹ́yìn igi. Òjò ń rọ̀, kòkó ń di dúdú lórí igi, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Àná ni Bàbá Bísí gun ọ̀kadà wá sílé wa. Wọ́n lọ tààrà síbi sàréè yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ṣí fìlà. Bàbá Kékeré dìde.

"Uná yẹn, èmi ni mo dá a," ni Bàbá Bísí wí. "Atẹ́gùn kọ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ ulé lọ jẹun. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n wá."

Màámi ló dá wọn lóhùn: "Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé o."

"Mo pẹ́, ìyàwó wa."

Bàbá Kékeré wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Màámi ní kí n gbé àga jáde. Bàbá Bísí jókòó tì yín títí òòrùn fi rọ̀.

Ṣé ẹ gbọ́ wọn? Ṣé ó tó? Inú ń bí mi sí wọn, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà díẹ̀, pé ẹ ò dúró gbọ́ ọ fúnra yín.

Lówùúrọ̀ yìí, mo lọ bá wọn ní abà. A jọ ká kòkó tó ti bàjẹ́, a kó o jìnnà sí èyí tó ṣì dára. Bàámi, mi ò lè dárí jì wọ́n lórúkọ yín; ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀yin. Èyí tó jẹ́ tèmi ni mo ti ṣe.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bá yín jiyàn, tó sì fẹ́ràn yín.