Adáná Ọkọ̀ Ogun Tó Ní Òun Kò Lẹ́nìkan

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ẹ jókòó kí ẹ̀gbọ́n mi Ràbíù tó ka lẹ́tà yìí fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ bàbá tó bí yín, tó lọ tí kò dé mọ́, ni. Ẹ ti kọ̀ fún àwọn àlùfáà láti ṣe fídáù rẹ̀. Ẹ ní ẹ kò ní ṣàdúrà òkú fún ẹni tó lè wà láàyè, àfi bí ọmọ yín kan bá fojú rí i.

Òtútù kẹfà tí mo rí láti ìgbà òmìnira ti dé sí Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, èmi ni mo ń nu eruku ara ìwé orúkọ àwọn atukọ̀ ogun. Láti àárọ̀ dalẹ́, èmi àti àwọn orúkọ yẹn nìkan la jọ ń wo ara wa. Nígbà mìíràn mo máa ń bojú wẹ̀yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi pè mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní kí n wá wo oníjà. Ó ní adáná ọkọ̀ kan rèé, tó ń da èédú síná ọkọ̀, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ya lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹta ní tòsì. Ó ní ó dájú pé ọ̀rọ̀ obìnrin ló dá ìjà náà sílẹ̀. Mo ní kì í ṣe ìjà, pélé ni, olóólà ló kọ ọ́. Ìgbà náà ni mo ka ìyókù: Sanni, ará Òṣogbo, orí ọmọ-ìka ọwọ́ òsì ti gé. Ìyá àgbà ti sọ ìtàn àdá tó gé e fún wa láìmọye ìgbà.

Ìyá mi, bàbá yín ni. Ìwé náà ní nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́, ọkọ̀ wọn rì, kò sí ẹni tó jáde nídìí iná.

Ìjọba kò ránṣẹ́ nítorí pé, níbi tí akọ̀wé ti bi í ta ni ẹbí rẹ̀, ó ní òun kò ní ìyàwó, òun kò bímọ. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Oyún yín ni ìyá àgbà gbé nígbà tí bàbá yín wọ rélùwéè lọ sí Èkó. Ta ni nínú wa tí yóò fi oyún ìyàwó rẹ̀ han àjèjì tó mú kálàmù lọ́wọ́? Ó fi yín pamọ́ ni, ìpamọ́ náà ni kò jẹ́ kí ìròyìn mọ̀nà ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìwé náà. Ọ̀gá mi bá mi nílẹ̀, ó béèrè kí ló já bọ́. Mo ní kò sí. Láti ìgbà náà, n kì í kọ ẹ̀yìn sí ibẹ̀ mọ́.

Mo ti fojú rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe fídáù náà. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, kó fi ọjọ́ orí tí kò lò kún tiyín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Mùfútáù