Nọ́ńbà Tí N Kò Wọ̀n

Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Olúwo,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Ìyá mi àti olùkọ́ mi, Ìyáàfin Ọláwuyì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, mà. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kí orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́, kí gbogbo ará ilé ní Lasunwon sì wà ní àlàáfíà. Èmi náà wà dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé èmi ni mò ń kọ̀wé sí yín. Ọdún márùn-ún rèé tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera, n kò béèrè yín rí. Mo bá yín bínú ni, mà.

Ẹ óò rántí ọdún kejì wa, nígbà tí ẹ kó wa lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ebi ń pa mí, mo bá kọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru sínú káàdì bàbá àgbàlagbà kan láìwọ̀n ọ́n. Ẹ wọn bàbá náà fúnra yín, nọ́ńbà wa kò sì bára mu. Ẹ kò pariwo. Ẹ kàn ní, "Fàlílátù, ènìyàn ló jókòó síbẹ̀, kì í ṣe káàdì." Ẹ wá ní kí n tún ọdún náà ṣe. Bàbá mi bẹ̀ yín títí, ẹ kò gbà. Gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ, èmi nìkan ṣẹ́kù, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ẹ kórìíra mi ni.

Ní oṣù tó kọjá, aboyún kan tó ń yan ẹja, Wàsílátù, wá sí ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, pé èéfín ni. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti bàjẹ́ láàárọ̀. Lateefah tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kí n kọ iye ti ìgbà tó wá kẹ́yìn. Mo ti gbé bírò lé káàdì, mà, ọwọ́ mi kò lọ. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ kẹ́mísìtì kan. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, àádọ́sàn-án lórí àádọ́fà ni. Mo tún un wọ̀n, bákan náà ni; ó ga jù fún aboyún.

Kò fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹja rẹ̀ wà lórí iná. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Àǹtí mi, a jọ ń lọ ni." A kò tíì jókòó tán níbẹ̀ tí gìrì fi mú un. Wọ́n sáré ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Èmi wà níta, mò ń sunkún. Òun àti ọmọbìnrin tó bí, àwọn méjèèjì yè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, Súbérù ọkọ rẹ̀ bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́. N kò ronú kí n tó dárúkọ yín. Ìgbà tí mo dárúkọ yín tán ni mo rí i pé ìbínú ti tán nínú mi. Ẹ dárí jì mí, mà. Ọdún tí mo fi sunkún nítorí yín, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun lónìí.

Ọlọ́run yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn nínú ìlera. Ojú yín kò ní rí ibi lára àwa tí ẹ tọ́.

Èmi ni ọmọ yín olóríkunkun,
Fàlílátù.

Mo tún rántí: Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí. N óò wá sí Lasunwon ní Sátidé, kí ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ rí mi, n óò jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ẹ óò fi ṣílẹ̀kùn.