Gàrí Tí Mo Fi Rán Bàlúùnù sí Ọ ní Àbújá

Ọpẹ́mipọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Kú iṣẹ́, kú àìrójú. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Ọ̀tà níbí kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ ní Àbújá, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, àmín. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Àwọn ọmọ yunifásítì wá sí pápá ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìyànà Ìyẹsí, wọ́n fẹ́ gáàsì sínú bàlúùnù kan tó tóbi ju yàrá rẹ lọ, wọ́n so kúlà fóòmù kékeré mọ́ ọn nídìí, wọ́n sì fi fóònù olówó pọ́ọ́kú sínú rẹ̀. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, ní yóò gòkè kọjá ìkuukùu, yóò ya fọ́tò ìràwọ̀, yóò sì wo bí èéfín ilé iṣẹ́ Sàngó ṣe pọ̀ tó lójú afẹ́fẹ́. Mo bi í bóyá yóò rí Àbújá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, gbogbo ilẹ̀ ni yóò máa wò.

Ọmọ mi, ṣé ẹnì kan á máa kọjá lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹni, kí a má fi nǹkan rán an? Nígbà tí wọ́n dijú láti gbàdúrà, mo ṣí kúlà, mo ki gàrí tí mo yan fúnra mi sínú rẹ̀, pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ. Fóònù wọn ò jẹ́ kí ẹja wọlé, ni mo bá yọ fóònù náà, mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ iṣu kí oòrùn má baà pa á.

Bàlúùnù náà rọra gbéra, ó ń mì bí aláboyún tó ń gun àkàsọ̀. Ó dé Ìlò-Awẹ́là, ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì já lu àtíbàbà ìjọ kan ní Ìjòkó, níbi tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó rọ mánà. Kí Ṣóbándé tó débẹ̀, wọ́n ti da omi sí gàrí rẹ, wọ́n ti mu ún tán. Pásítọ̀ ní ẹni tó bá sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, kó wá ṣàlàyé bí irú ṣe dé ojú ọ̀run.

Ṣóbándé padà wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó káwọ́ lérí. Mo bu omi fún un, mo dá fóònù rẹ̀ padà, mo sì tọrọ àforíjì pé n kò kọ àdírẹ́sì rẹ sára ẹrù. Ó wá bi mí pé ìgbà wo lo wálé gbẹ̀yìn. Omi bọ́ lójú mi. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, Ọpẹ́mipọ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi bá wọn ra bàlúùnù mìíràn. Ṣóbándé ní wọn ò ní gba ẹrù mọ́. Mo ní ó dáa, èmi fúnra mi ni kí wọ́n so mọ́ ọn. Ó ní mo ti sanra jù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dín oúnjẹ alẹ́ kù, ṣòkòtò bàbá rẹ sì ti ń gbà mí báyìí. Bí o kò bá tètè wálé, èmi ń bọ̀ o.

Olúwa á la ọ̀nà fún ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.