Ìràwọ̀ Márùn-ún Tó Jáde Lórúkọ Yín

Bàbá Ìbejì,

Ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà, ẹ ka èyí ná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà tí mo tún padà.

Nígbà tí ẹ ń wẹ̀, mo lọ fi kọ̀ǹpútà yín wo ohun táwọn òǹkàwé ń sọ nípa ìwé tí ẹ kọ. Ẹnì kan ní ẹ̀rù fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀ mú òun yọ wáyà kọ̀ǹpútà. Òmíràn fún yín ní ìràwọ̀ kan péré, ó ní kí ló pa òrìṣà àwọn Máyà àtijọ́ pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Inú bí mi. Mo fún yín ní márùn-ún, mo kọ ọ́ pé irú ìwé yìí ò tíì sí rí. Àṣé orúkọ yín ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà náà, òun ló jáde lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi! Wọ́n ti ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé òǹkọ̀wé ń yin ara ẹ̀. Mo fẹ́ pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà ní àfi kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Ẹ bá mi pa á rẹ́, ẹ má sì pè mí ní fáírọ́ọ̀sì.

Ẹ má bínú sí oníràwọ̀ kan yẹn o. Òun kà á dé òpin. Èmi ò tíì kọjá ojú ìwé ogún.