Lẹ́ńsì Tí Ẹ Pààrọ̀

Ẹ̀gbọ́n Akínyẹlé,

Oúnjẹ yín wà nínú kúlà. Mi ò jí yín, torí ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi láàárọ̀ yìí ò ní dáa.

Labalábá tí mo ń ṣọ́ lórí igi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé já jáde nínú èèpo rẹ̀ lónìí. Fọ́tò bó ṣe ń na ìyẹ́ nìkan ló kù nínú iṣẹ́ ìwé àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé fún mi, òní sì ni wọ́n fẹ́ gbà á. Mo sáré gbé kámẹ́rà tá a jọ ń lò, mo wá rí i pé lẹ́ńsì tí mo fi ń ya kòkòrò, oní-mìlímítà ọgọ́rùn-ún, ti di oní-àádọ́ta. Mo pe Sylvester, ọ̀rẹ́ yín. Ó ní, "Christabel, ẹ̀gbọ́n ẹ ló ní ká ṣe pààrọ̀. Wọ́n ní lẹ́ńsì ni lẹ́ńsì ń jẹ́, pé èyí tiẹ̀ fúyẹ́."

Ẹ̀gbọ́n, ọgọ́rùn-ún máa ń jẹ́ kí n jìnnà díẹ̀ sí kòkòrò, síbẹ̀ kó hàn gbàgàdà. Àádọ́ta yìí, àfi kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu. Bí mo ṣe sún mọ́ ọn, lẹ́ńsì gbá ẹ̀ka igi, labalábá já bọ́ sínú gọ́tà kí ìyẹ́ rẹ̀ tó gbẹ. Mo dúró wò ó títí ó fi kú.

Mo ń lọ sí Èbúté Mẹ́ta, kí n lọ sọ fún àwọn tó ń tẹ ìwé náà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mo gbé kámẹ́rà dání. Ìkómọ tí wọ́n ní kí ẹ wá ya fọ́tò ẹ̀ ní Muṣin lọ́sàn-án yìí, ẹ fi fóònù yín yà á; ṣebí lẹ́ńsì ni lẹ́ńsì ń jẹ́.

Christabel