Ọ̀rọ̀ Kan Tó Dá Máṣíìnì Mi Dúró

Saheed ọmọ mi,

Ṣé ìyàwó àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Ẹ kú otútù ibẹ̀. Níbí ní Ṣómólú, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí. Síbẹ̀, èmi Bámilóyè tí kò kà ju ìwé mẹ́ta lọ ṣì ń tẹ̀wé fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìwé ìtàn ayé rẹ ti wà lórí máṣíìnì. Ó dùn, ṣebí èmi ni mo tọ́ ọ! Àmọ́ Kùdírátù ìyá rẹ wá láti Ìlàjẹ lánàá, ó ní kí ìyàwó mi kà á sí òun létí. Wọ́n dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé, "Ìyá mi jù mí nù sí Ṣómólú." Ni ìyá rẹ bá fi oúnjẹ tó ń jẹ sílẹ̀. Mo dá máṣíìnì dúró, mo ní màá yọ ọ̀rọ̀ náà.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí lára ẹ̀ nìyẹn."

Saheed, nígbà tí bàbá rẹ kú, èmi ni ìyá rẹ gbé ọ lé lọ́wọ́. Gbogbo Jímọ̀ ló ń gbé ẹja wá, á wá dúró sẹ́yìn fèrèsé títí wàá fi sùn, torí tí o bá rí i, wàá sunkún tẹ̀lé e. Ẹni tó ju nǹkan nù kì í padà wá wò ó.

Ìwọ lo ni ìwé. Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ pe ìyá rẹ, kí o gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bá yàn lẹ́yìn náà, òun ni màá tẹ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Kò ní jẹ́ kí ọmọ tìrẹ ṣì ọ́ kọ.

Èmi ni,
Bámilóyè, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.